Omi gbígbóná látọ̀dọ̀ oòrùn: táǹkì ló kàn, kì í ṣe rọ́bà

Ìbéèrè: Mo ká rọ́bà omi dúdú tó gùn tó mítà 100 sórí òrùlé, mo sì so ó mọ́ ẹ̀rọ omi. Lọ́sàn-án, omi tó ń jáde máa ń gbóná débi pé ọwọ́ kì í gbà á, àmọ́ kí ẹnì kan tó wẹ̀ tán, ó ti di tútù. Láàárọ̀ kùtù tí a nílò rẹ̀ gan-an, tútù nini ni. Ẹni mẹ́rin ni wá nílé. Ṣé kí n fi mítà 100 míì kún rọ́bà náà ni, àbí páìpù bàbà ni kí n lọ rà? Mo tún ní dúrọ́ọ̀mù irin kan tó wà nílẹ̀ lásán, ṣé ó lè wúlò?

Ìdáhùn: Ẹ má fi rọ́bà kún un, ẹ má sì tíì lọ ra bàbà. Rọ́bà tó wà lórí òrùlé yín kò ṣẹ̀ yín. Omi tó ti gbóná ni kò ní ibi tó máa dúró sí dè yín di àárọ̀.

Ẹ wò ó báyìí. Rọ́bà omi tó wọ́pọ̀, tí ihò inú rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 13, gbogbo omi tó lè wà nínú mítà 100 rẹ̀ kò ju nǹkan bíi lítà 13 lọ. Korobá kan nìyẹn, kò tiẹ̀ kún. Omi yìí ni oòrùn ti ń yá láti àárọ̀, òun ló sì kọ́kọ́ máa ń jáde nígbà tí ẹ bá ṣí ẹ̀rọ. Èyí tó tẹ̀ lé e á sáré gba inú rọ́bà kọjá láàárín ìṣẹ́jú kan sí méjì, oòrùn ò ní ráyè ṣe é ní nǹkan kan. Tí ẹ bá fi mítà 100 kún un, korobá kejì lẹ rà yẹn. Tó bá sì di alẹ́, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó nà gbalaja sórí òrùlé kò ní ìbora kankan, ooru inú rẹ̀ á ti lọ kí ẹ tó sùn.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò ohun tí ilé ẹlẹ́ni mẹ́rin nílò. Omi ìwẹ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kì í ju dìgírì 40 lọ. Ká ní omi tútù yín wà ní dìgírì 25, tí ẹ sì ní lítà 100 tó gbóná dé 55, ẹ lè lú u títí á fi di lítà 200 tó wà ní 40. Lítà 50 kan ẹnì kọ̀ọ̀kan nìyẹn. Ẹni tí kò bá tó, ó yáa gba odò lọ. Nítorí náà, lítà 100 ni kí ẹ fojú sùn.

Láti mú kí lítà omi kan gbóná sí i ní dìgírì kan, agbára tó ń lọ sí i jẹ́ wáàtì-wákàtí 1.16. Lítà 100 láti 25 dé 55 á gba nǹkan bíi yúnìtì 3.5, irú yúnìtì tí mítà iná máa ń kà. Oòrùn ọ̀sán gangan, tí kò sí ìkùukùu, ń da nǹkan bíi wáàtì 1,000 sórí ibi tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú, mítà kan lóòró. Lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́ dáadáa, àròpọ̀ rẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ lè tó yúnìtì 5. Àpótí onígíláàsì tí páìpù omi wà nínú rẹ̀ láti gba oòrùn, tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ kàn, tó sì kàn án bó ṣe yẹ, á rí bíi yúnìtì 2 mú nínú márùn-ún yìí. Àpótí tó gùn ní mítà méjì, tó fẹ̀ ní mítà kan, á wá mú bíi yúnìtì 4 wọlé. Ìyẹn tó fún lítà 100, ìwọ̀nba á sì ṣẹ́ kù fún ohun tó máa jò dànù lójú páìpù. Ẹni tó bá fẹ́ lítà 200 á kan àpótí méjì. Kíkan àpótí ńlá sórí táǹkì kékeré kò dára. Omi á gbóná kọjá ààlà, páìpù á sì máa jìyà rẹ̀.

Kì í ṣe orí yín ni ìṣòro yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1891, Clarence Kemp ní ìlú Baltimore, ní Amẹ́ríkà, gba ìwé ẹ̀tọ́ fún ẹ̀rọ tirẹ̀: táǹkì tí wọ́n kùn ní dúdú, tí wọ́n gbé sínú àpótí tó ní gíláàsì lójú. Omi ń gbóná níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ibẹ̀ náà ni omi ń sùn mọ́jú, kò sì sí nǹkan kan láàárín òun àti òtútù òru ju gíláàsì yẹn lọ. Ní 1909, William Bailey ní California pín iṣẹ́ ọ̀hún sí méjì. Páìpù nínú àpótí pẹlẹbẹ wà níta láti gba oòrùn. Táǹkì tí wọ́n wé wà nínú ilé láti pa omi mọ́. Irú ti Bailey ni màá ní kí ẹ ṣe.

Táǹkì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni kí ẹ ná èyí tó pọ̀ jù nínú owó yín sí. Ká ní lítà 100 wà ní dìgírì 55 nígbà tí oòrùn wọ̀, tí afẹ́fẹ́ òru sì wà ní 25. Tó bá jẹ́ táǹkì irin tó wà níhòòhò ni, lẹ́yìn wákàtí 12, omi náà á ti sún mọ́ 33. Ẹ wá fi agbọ̀n pọn omi nìyẹn. Àmọ́ tí ẹ bá wé táǹkì kan náà yẹn yí ká, tòun ti ìdí àti orí rẹ̀, pẹ̀lú òwú tí wọ́n fi gíláàsì tàbí òkúta ṣe, irú èyí tí wọ́n máa ń tẹ́ sórí àjà ilé, kó sì nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 8, dìgírì mẹ́ta sí márùn-ún péré ló máa lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Kò sí ohun mìíràn nínú gbogbo iṣẹ́ yìí tí owó kékeré ti ń mú èrè tó tó báyìí wá. Mo máa ń rí àwọn tó ra bàbà olówó ńlá tán, tí wọ́n wá fi aṣọ àkísà wé táǹkì. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Òwú yìí kò sì gbọdọ̀ tutù o. Òwú tó bá ti mu omi kò lè dá ooru dúró mọ́, nítorí náà ẹ fi nǹkan tí òjò ò lè gbà wọlé bò ó.

Táǹkì wo ni kí ẹ wá lò? Èyí tó wù mí jù ni ti ẹ̀rọ amómigbóná oníná tó ti bàjẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, irin oníná tó ń mú omi gbóná nínú rẹ̀ ló máa ń kú, táǹkì inú rẹ̀ ṣì le koko. Wọ́n ti wé e láti ilé iṣẹ́ wá, ojú páìpù ti wà lára rẹ̀. Ẹ rọ omi kún un, kí ẹ fi sílẹ̀ mọ́jú lórí páálí gbígbẹ, ẹ ó sì mọ̀ bóyá ó ń jò. Ẹ yọ ọ̀pá magnésíọ̀mù inú rẹ̀ wò pẹ̀lú. Iṣẹ́ ọ̀pá yẹn ni kí ìpẹtà máa jẹ òun dípò táǹkì, tó bá sì ti jẹ tán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Tí kò bá sí irú táǹkì yìí, stainless tàbí bàbà dára. Ẹ yàgò fún táǹkì ike lásán, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń rọ̀, tí wọ́n sì máa ń wú tí omi gbígbóná bá pẹ́ nínú wọn. Irin tí wọ́n fi síńkì bò náà kò bá páìpù bàbà ṣe pọ̀: omi tó gba inú bàbà kọjá wá sínú rẹ̀ máa ń jẹ́ kí síńkì tètè jẹ dànù, irin á sì lu.

Ní ti dúrọ́ọ̀mù yín, ó wúlò gan-an, àmọ́ kì í ṣe láti rọ omi sí. Ẹ ò mọ ohun tó ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ epo tàbí kẹ́míkà ni, kò sí fífọ̀ tó lè mú kó yẹ fún omi ìwẹ̀, kí ẹ sì má gbé iná wẹ́dà tàbí ẹ̀rọ ìgé irin sún mọ́ ọn rárá, nítorí atẹ́gùn epo inú rẹ̀ lè bú gbàù. Kódà kó mọ́ nigín-nigín, omi gbígbóná á jẹ ẹ́ láìpẹ́. Ẹ lò ó bí ẹ̀wù. Dúrọ́ọ̀mù lítà 200 fẹ̀ tó bíi sẹ̀ǹtímítà 57 nínú, ó sì ga tó bíi 88. Táǹkì lítà 100 tó fẹ̀ ní 40, tó ga ní 80, á wọ inú rẹ̀, á sì ṣẹ́ ku àyè bíi sẹ̀ǹtímítà 8 yí ká ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àti bíi 8 tí ìdí àti orí máa pín. Ẹ tẹ́ òwú tó le díẹ̀ sí ìdí rẹ̀, ẹ ki ìyókù sí ẹ̀gbẹ́ àti orí láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jù, kí ẹ sì dé e. Ìgbà tí ìdérí rẹ̀ bá ti ṣí kúrò tẹ́lẹ̀ láìlo iná nìkan ni kí ẹ ṣe èyí. Tó bá jẹ́ èyí tó ṣì dí pa tó sì ti ru epo rí ni, ẹ fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́.

Omi á wá máa lọ láti àpótí sí táǹkì láìlo ẹ̀rọ kankan. Omi gbígbóná fúyẹ́ ju omi tútù lọ: lítà kan ní dìgírì 25 wọn gíráàmù 997, ní 55 ó wọn bíi 986. Gíráàmù 11 yìí ni gbogbo agbára tó ń ti omi náà káàkiri. Ó kéré jọjọ, ìdí nìyẹn tí ohunkóhun tó bá dí i lọ́nà fi lè dá a dúró pátápátá. Rọ́bà mìlímítà 13 tó gùn ní mítà 100 kò lè gbà á láyè láéláé, àfi tí ẹ bá fi ẹ̀rọ tì í.

Ohun tí gíráàmù 11 yẹn ń béèrè kò pọ̀, àmọ́ kò gba gbẹ̀rẹ̀. Ìdí táǹkì gbọ́dọ̀ ga ju orí àpótí lọ, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 30. Tí kò bá ga tó bẹ́ẹ̀, lóru tí àpótí bá tutù, omi á yí padà, ti inú táǹkì á máa sọ̀ kalẹ̀ wá mú òrùlé gbóná. Páìpù tútù á ti ìdí táǹkì wá sí ìdí àpótí. Páìpù gbígbóná á kúrò ní orí àpótí, ní igun tó dojú kọ igun tí tútù gbà wọlé, á sì wọ táǹkì ní bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gíga rẹ̀. Láti àpótí dé táǹkì, páìpù gbígbóná yìí gbọ́dọ̀ máa gòkè ni, kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ níbì kankan, kò gbọdọ̀ hu gègé. Níbi tó bá ti hu gègé, afẹ́fẹ́ á kó jọ síbẹ̀, omi ò sì ní kọjá mọ́. Ẹ lo páìpù mìlímítà 22 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó kúrú, kí ẹ sì wé e náà. Pọ́ḿbà lè sọ pé kí ẹ fi fáálù tí kì í jẹ́ kí omi padà sẹ́yìn sí i nítorí ti òru. Ẹ má gbà. Ọ̀pọ̀ irú fáálù yẹn le ju ohun tí gíráàmù 11 lè ṣí lọ. Ẹ gbé táǹkì ga, ó tán.

Ẹ rántí pé lítà omi kan kìlógíráàmù kan ni. Táǹkì, omi inú rẹ̀, dúrọ́ọ̀mù àti òwú á kọjá kìlógíráàmù 130 dáadáa. Kí ẹni tó mọ igi àjà wò ó kí ẹ tó gbé e sórí òrùlé. Tí òrùlé kò bá gbà á, ẹ kan àpótí sílẹ̀, kí ẹ gbé táǹkì sórí ẹsẹ̀ irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àpótí ló wá kù, ibí sì ni bàbà ti wúlò. Páìpù mìlímítà 22 méjì ni ẹ ó fi dábùú, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Páìpù mìlímítà 15 mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án á wá dúró láàárín wọn bí àtẹ̀gùn, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi bíi sẹ̀ǹtímítà 11 jìnnà sí ìkejì. Páànù bàbà tàbí alumíníọ̀mù tó nípọn tó ìdajì mìlímítà á wà lára wọn láti kó ooru jọ. Ibi tí páànù ti kan páìpù ni gbogbo àṣírí àpótí yìí. Tí páànù bá kàn fara ti páìpù lásán, afẹ́fẹ́ á wà láàárín wọn, páànù á gbóná bí iná, omi á sì wà jẹ́jẹ́ rẹ̀. Ẹ tẹ ojú ọ̀nà sára páànù kí páìpù jókòó sínú rẹ̀ dé ìdajì, ẹ fi wáyà dì í pinpin. Tó bá jẹ́ bàbà lórí bàbà, ẹ jó o pọ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Òjé kò gbọdọ̀ wà nínú ohun tí ẹ bá fi jó páìpù omi pọ̀. Ẹ fi ọ̀dà dúdú tí kì í dán, tó lè gba ooru, kùn ún. Èyí tó ń dán á da díẹ̀ nínú oòrùn padà.

Páìpù PVC kò yẹ fún inú àpótí yìí. Nígbà tí omi kò bá sí nínú rẹ̀ tàbí tí kò bá rìn, ooru ibẹ̀ lè kọjá dìgírì 100 lọ́sàn-án gangan, PVC á sì ti rọ̀ pẹ́ kó tó dé bẹ́ẹ̀. Fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifísọ̀n sínú páálí náà á yọ́ tí ẹ bá tẹ́ ẹ sẹ́yìn páànù. Òwú gíláàsì sẹ̀ǹtímítà 5 ni kí ẹ lò. Gíláàsì kan tó le, tó nípọn ní mìlímítà 4, á wà lókè, kí àyè sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 wà láàárín rẹ̀ àti páànù. Ọ̀rá náà ń ṣiṣẹ́ dípò gíláàsì, àmọ́ oòrùn á sọ ọ́ di gbígbó láìpẹ́. Ẹ lu ihò kékeré díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àpótí kí ìrì inú rẹ̀ rí ọ̀nà jáde. Ìyókù iṣẹ́ káfíńtà ni, ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Tí ẹ bá wà ní àríwá ìlà agbedeméjì ayé, ojú àpótí á kọ sí gúúsù; tí ẹ bá wà ní gúúsù rẹ̀, ó di àríwá. Ìwọ̀n tí ibùgbé yín fi jìnnà sí ìlà yẹn ni ẹ ó fi dà á: ẹni tó wà ní ìwọ̀n 35 á gbé e sókè ní ìwọ̀n 35. Àwọn tó wà nítòsí ìlà náà kò gbọdọ̀ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Kó dà tó ìwọ̀n 10 sí 15, kí òjò lè máa fọ gíláàsì, kí omi gbígbóná sì rí ọ̀nà gòkè. Òjìji igi lórí rẹ̀ fún wákàtí méjì lọ́sàn-án burú ju kí ojú rẹ̀ yà díẹ̀ lọ.

Nǹkan kan wà tí mi ò ní gbà kí ẹ fi ṣeré: ẹ má dé ẹ̀rọ yìí pa. Lítà 100 tó bá kúrò ní 25 lọ sí 70 á wú ní bíi lítà 2, ó sì gbọ́dọ̀ ríbi lọ. Ẹ gbé táǹkì omi tútù kékeré tó ní bọ́ọ̀lù tó ń dá omi dúró nígbà tó bá kún sókè ju ti gbígbóná lọ, kí omi rẹ̀ máa wọlé láti ìdí. Láti orí táǹkì gbígbóná, ẹ fa páìpù kan lọ sókè kọjá ojú omi inú táǹkì tútù, kí ẹnu rẹ̀ máa ṣí sílẹ̀, kí ó má sì ní fáálù kankan lára. Ẹni tó bá so irú ẹ̀rọ yìí tààrà mọ́ omi tó ń fi agbára tì láti ìta, láìsí fáálù tó ń tú agbára sílẹ̀, bọ́ǹbù ló gbé sórí ilé. Níbi tí omi ti máa ń di yìnyín, ẹ gbọ́dọ̀ tú omi inú àpótí dànù kí òtútù tó dé. Omi tó bá dì máa ń wú ní bíi ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún, páìpù á sì bẹ́.

Lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú gan-an, tí ẹ kò sì lo omi, ó lè kọjá dìgírì 60. Ìwọ̀n yẹn ń jó awọ àgbàlagbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, ti ọmọdé tètè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi fáálù tó ń po gbígbóná mọ́ tútù síwájú ẹ̀rọ ìwẹ̀. Òdì kejì rẹ̀ ni ti ọjọ́ tí ìkùukùu bá bolẹ̀ léraléra: omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ láàárín 20 sí 45 fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n ń pè ní Legionella ti ń bí sí i, tí èèyàn bá sì fa ìkùukùu omi rẹ̀ símú nínú ilé ìwẹ̀, ó lè kó àrùn ẹ̀dọ̀fóró. Ní 60, ó ń kú. Ìdí mìíràn nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn táǹkì ẹ̀rọ oníná: tí ẹ bá fi irin oníná tuntun sí i, ẹ lè gbé omi dé 60 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ní àsìkò bẹ́ẹ̀. Tí kò bá sí iná, ẹ tú omi náà dànù kí ẹ rọ tuntun.

Tí owó bàbà kò bá tíì sí, ẹ lè ṣe irú ti Kemp fún ìgbà díẹ̀: ẹ kun táǹkì lítà 100 ní dúdú, ẹ gbé e sínú àpótí tó ní òwú lẹ́yìn àti gíláàsì níwájú, kí ẹ ṣe ìdérí tó ní òwú tí ẹ ó máa fi bo gíláàsì náà bí oòrùn bá ti ń wọ̀. Kò dára tó irú ti Bailey, nítorí náà ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ máa wẹ̀, kì í ṣe àárọ̀.

Kí ẹ tó fi gíláàsì dé àpótí, ẹ rọ omi sínú gbogbo rẹ̀, kí ẹ wá ibi tó ń jò. Ẹ fi aṣọ bo páànù títí omi á fi kún, torí omi tútù tó bá já lu bàbà tó ti gbóná fòò lè já ojú ìsopọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí oòrùn bá ràn, ẹ má fa omi rárá. Ní nǹkan bí aago méjìlá ọ̀sán, ẹ fọwọ́ kan páìpù òkè pẹ̀lẹ́ níbi tó ti wọ táǹkì, kí ẹ wá kan ti ìsàlẹ̀. Òkè gbọ́dọ̀ gbóná ju ìsàlẹ̀ lọ dáadáa. Tí orí àpótí bá gbóná janjan àmọ́ tí páìpù tó wọ táǹkì ṣì tutù, afẹ́fẹ́ ló há sọ́nà. Ẹ wá ibi tí páìpù ti hu gègé, ẹ gbé e sókè, kí ẹ tún omi rọ láti ìsàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.